Iná Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Bàbá Testimony

Níbi ìsìnkú Bánjí Ọ̀nàọlápọ̀ ní Iléṣà, ní oṣù kejì ọdún yìí, ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi rọra sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Òun ló ta iná ayédèrú tó pa èèyàn ní Òṣogbo lọ́jọ́sí." Mo yíjú padà, mo sì wò ó títí ó fi gbójú sílẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, torí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì la wà, èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí kò sì lè máa pariwo nínú ilé ìjọsìn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi lẹ́yìn ìsìn, mi ò lè fi kan ẹnu.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ìyá Fáìzàh ni wọ́n ń pè mí, aránṣọ ni mí ní Òkè-Fìà, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàrin ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Bánjí fún ọdún mọ́kànlá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti gbé e sínú nítorí obìnrin kan, obìnrin náà sì ti kú lọ́dún tó kọjá. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kí n tó mú bírò. Ọmọ náà sunkún, ó ní kí n kọ ọ́.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni Bánjí ń tún ṣe, ó sì ń ta ohun èlò rẹ̀: táyà, tíúbù, ṣéènì, agogo, iná. Ó ga, ó dúdú, ó sì máa ń tẹ orí sílẹ̀ rìn bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó láhun díẹ̀. Abẹ́rẹ́ mi ló fi ń yọ ẹ̀gún nínú táyà oníbàárà, kò sì dá ọ̀kan padà rí. Tí mo bá béèrè, á ní, "Ìyá Fáìzàh, ṣé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lẹ ń tìtorí ẹ̀ pariwo báyìí?" Tí mo bá kà á fún un pé ó ti di mẹ́rìndínlógún, á máa rẹ́rìn-ín, á ní àwa ará Òṣogbo mọ ìṣirò jù.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í fi ṣeré, orúkọ bàbá rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá náà, ó ń kiri abúlé Ìjẹ̀ṣà títí dé Ìfẹ̀wàrà, wọ́n sì sọ pé bí ó bá ti ní ọ̀pá mẹ́fà ni aṣọ kan, kò sẹ́ni tó ń tún un wọ̀n. Bánjí máa ń fi ìyẹn yangàn. Bí ẹnì kan bá gbé tíúbù padà wá pé ó ń jò, Bánjí kì í bá a jiyàn, á kàn fún un ní òmíràn, á sì máa kùn pé, "Ọmọ Ọ̀nàọlápọ̀ ni mí o, èmi kọ́ ni wọ́n máa pè ní oníjìbìtì." Mo pè é ní òmùgọ̀ nítorí ìwà yẹn láìmọye ìgbà. Òun náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Òṣogbo. Tí ọjọ́ ìpàdé bá pé, á há ìwé àkọsílẹ̀ wọn mọ́ abíyá, á gẹ fìlà, ẹ máa rò pé ó ń lọ jẹ oyè ni.

Tẹ́lẹ̀, eṣinṣin ni Bánjí ń lé jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà tí ọ̀kadà àti Márúwá kún gbogbo ìgboro? Ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni nǹkan yí padà. Owó ọkọ̀ fò sókè láàrin ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kẹ̀kẹ́ bàbá wọn jáde láti ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú eruku àti ìtàkùn lára. Nígbà náà ni Bàbá Testimony wọ inú ọ̀rọ̀ yìí.

Nehemiah ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìfẹ̀wàrà ni, ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó sì ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì kan ní Òkè-Fìà. Apá rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ yòókù lọ nítorí iṣẹ́ yẹn. Ìdó-Ọ̀ṣun ló ń gbé pẹ̀lú Julianah ìyàwó rẹ̀ àti Testimony, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn lẹ́yìn ọdún méjìlá tí wọ́n fi wá ọmọ. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, kí búrẹ́dì tó lè jáde nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń lọ. Nígbà tí owó ọ̀kadà fẹ́ máa gba gbogbo ohun tó ń rí lóṣù, ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere àlòkù kan.

Ìyàwó rẹ̀ ní kò ní gùn ún láìní iná. Ẹ̀gbọ́n Julianah ọkùnrin ni mọ́tò pa lójú ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà nínú òkùnkùn nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọge, kò sì gbàgbé. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí kò bá ra iná, òun á yọ táyà kẹ̀kẹ́ náà, òun á sì jókòó lé e.

Bí Bàbá Testimony ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Bánjí nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú irùngbọ̀n. Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà méjèèjì kíra wọn títí tí mo fi lọ aṣọ méjì tán.

"Bánjí, uná wo lo ní?" ó béèrè. Uná ni iná lẹ́nu tiwọn.

"Ẹ̀gbọ́n, uná pọ̀ o." Bánjí gbé méjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Èyí rèé, ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò lè wọ̀ ọ́. Èyí kejì kò wọ́n rárá. Ti iwájú funfun, ti ẹ̀yìn pupa. Bátìrì pẹlẹbẹ méjì ló ń lò."

"Èyí tí kò wọ́n ni tèmi. Uná ni uná. Àbí èyí tó wọ́n yẹn á máa bá mi wa kẹ̀kẹ́ ni?"

Bánjí rọ̀ ọ́ pé kó mú èyí tó dára. Ó kọ̀. Bánjí wá sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbọ́ ọ láti orí máṣíìnì mi, pé omi ni ọ̀tá iná náà, kó má jẹ́ kí omi kàn án. Ó fún un ní ọ̀rá funfun àti rọ́bà tí yóò máa fi dì í tí òjò bá ń rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló so iná náà mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ fún un, iná pupa kékeré náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Bàbá Testimony ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Òjò ọdún yẹn pọ̀, ọ̀rá yẹn kò sì kúrò lára iná náà ní gbogbo ọjọ́ tí òjò ṣú. Ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ kò lè rí iná ẹ̀yìn ara rẹ̀, nítorí náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, tó bá ti iṣẹ́ dé, ó máa ń yà sọ́dọ̀ Bánjí, á dúró, á yí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sí i, á béèrè pé, "Ṣé ó ń ṣuṣẹ́?" Bánjí á ní, "Ó ń ṣuṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n." Ó sọ fún wa pé nílé, ìyàwó òun máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí, á máa wo iná pupa náà títí òun á fi yà ní kọ́nà. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, bí ọkọ tuntun. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ mú gan-an. Ìkùukùu bo ọ̀nà Ìdó-Ọ̀ṣun sí Òṣogbo ní ìdájí, ọkọ̀ akóyanrìn kan sì gbá Bàbá Testimony láti ẹ̀yìn. Kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà. Dírẹ́bà náà kò sá lọ, òun ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ náà. Ó kú kí oòrùn tó yọ. Nígbà tí a gbọ́ ní Òkè-Fìà, Bánjí jókòó sórí táyà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì dìde títí di ọ̀sán.

Dírẹ́bà búra pé òun kò rí iná kankan. Ó sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, àwọn èèyàn sì gbà á gbọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Bàbá Testimony ló gbàgbé láti tan iná rẹ̀, pé àgbà ti ń dé, pé oorun ló ń kùn ún. Julianah ní irọ́ ni. Ó ní òun rí iná náà. Wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kó fọwọ́ wọ́nú, kó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, wọn kò sì mọ̀ pé ohun mìíràn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Bánjí nínú aṣọ dúdú. Mo gbé àga jáde fún un. Ó tú áńkáṣìfù kan, iná ẹ̀yìn náà ló wà nínú rẹ̀. Kò fọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kú, nǹkan rọ́bà tí kò tó ìka méjì kò sì fọ́.

"Bàbá Tèmi," ó sọ fún Bánjí, Tèmi ni orúkọ àkọ́bí Bánjí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tó ń tàn títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Àwọn èèyàn ní mò ń purọ́. Ẹ bá mi wo ohun tó pa iná yìí lójú ọ̀nà."

Bánjí tẹ bọ́tìnnì. Kò tàn. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó fi ọ̀bẹ kékeré yọ ideri rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí. Bí ideri náà ṣe ṣí, nǹkan kan tó ki, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣàn sórí àtàǹpàkò rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òróró ólífì ni. Inú iná náà kún fún un, irin pẹlẹbẹ tó gbá bátìrì mú sì ti hu ìpatà aláwọ̀ ewé, kò fara kan bátìrì dáadáa mọ́. Ó lè tàn nílé, kí kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà sì pa á.

Bánjí wò mí. Èmi náà wò ó.

"Ìyá Testimony," ó rọra béèrè, "ta ló ń bá wọn tọ́jú kẹ̀kẹ́ yẹn?"

"Èmi ni. Ní gbogbo ìdájí, kí wọ́n tó gùn ún. Òróró tí a gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo máa ń fi sàmì sí i. Mo máa ń fi sí iwájú, mo máa ń fi sórí ìjókòó, mo máa ń fi sára iná. Iná ẹ̀yìn ni mo máa ń fi sí jù, torí ẹ̀yìn ni wọn kò lè rí. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí iná náà má kú mọ́ wọn lójú ọ̀nà." Ó wo iná náà lọ́wọ́ Bánjí. "Bàbá Tèmi, àbí òróró mi ni?"

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi obìnrin yìí rẹ́rìn-ín kó má ṣe é lójú mi. Nígbà tí mo ra máṣíìnì mi, omi hàntú, èyí tí wọ́n fi fọ àdúrà kúrò lára wàláà, ni Alfa ní kí n wọ́n sí i lára, mo wọ́n ọn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi nu ìpatà. Omi ni Bánjí ní kó má kan iná náà. Òróró kì í ṣe omi lójú ẹni tó ń gbàdúrà. Bàbá Testimony gan-an dúró ti kẹ̀kẹ́ yẹn láràárọ̀ nígbà tí aya rẹ̀ ń sàmì sí i, ó ń ṣe àmín, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bánjí kò jókòó rò ó. Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé títí mo fi máa kú. Ó dé ideri náà padà, ó fi àtàǹpàkò nu ara ṣòkòtò rẹ̀.

"Òróró kẹ̀?" ó ní. "Òróró kò débẹ̀ rárá. Inú iná náà ló ti bàjẹ́ kí n tó tà á. Mo mọ̀ pé ọjà yẹn kò pé, mo fẹ́ kó tán nílẹ̀ ni mo ṣe tà á fún wọn."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ìyá Testimony. Ẹ dárí jì mí."

Julianah wò ó. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Bàbá mi ra aṣọ ìgbéyàwó mi lọ́wọ́ bàbá yín," ó ní. "Ọlọ́run rí yín." Ó bú sẹ́kún níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ẹkún gidi, irú èyí tí kò sun láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọlọ́kadà sì ń dúró wò wá.

Kó tó di ọjọ́ Sunday, gbogbo Ìdó-Ọ̀ṣun ti gbọ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Ẹnì kan fi èédú kọ "Apànìyàn" sára ilẹ̀kùn Bánjí. Ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ láàárọ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù bí ó ti máa ń ṣí i. Ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà rán èèyàn méjì wá gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ, ó wọ inú lọ, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

Mo bá a jà. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sọ òótọ́, pé ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, pé èmi ò lè máa gbọ́ kí wọ́n máa pe ẹni tó ń pààrọ̀ tíúbù lọ́fẹ̀ẹ́ ní oníjìbìtì. Mo ní, "Orúkọ bàbá rẹ tí o fi ń yọ wá lẹ́nu láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

Tíúbù kan ló ń lẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Bàbá mi ti kú, Ìyá Fáìzàh," ó ní. "Kò sí ohun tí wọ́n lè fi orúkọ náà ṣe tó máa dùn ún mọ́. Obìnrin yẹn ṣì máa jí láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi í sílẹ̀."

Ọdún náà kò parí tó fi palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, tó padà sí Iléṣà. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó wá kí i pé ó dàbọ̀ àfi èmi. Bí ọkọ̀ náà ṣe lọ tán, inú bí mi. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo wọ Márúwá, ó di Ìdó-Ọ̀ṣun. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Òkè-Fìà: òróró rẹ ni, Julianah, òróró rẹ ló pa iná náà, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló sì ń ru ẹ̀bi rẹ.

Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Testimony ń múra àtilọ síbi iṣẹ́, ó ti di olùkọ́ nígbà náà, ọ̀kadà sì ń dúró dè é. Igo kékeré kan wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó fi òróró sàmì sí ọmọ náà níwájú orí, ó gbàdúrà fún un, ó sì wò ó títí ọ̀kadà fi lọ. Lẹ́yìn náà ló kí mi, tó ní kí n wá jókòó.

"Mo gbọ́ pé Bàbá Tèmi ti kó lọ," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí mo ṣe wá nìyẹn."

"Mo bínú sí i. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ṣì ń bínú sí i." Ó ń yí igo náà lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó jẹ́wọ́. Ìyá Fáìzàh, láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mi ò lè fọwọ́ kan ọmọ mi. Ọwọ́ mi ni mo ń wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde lọ sídìí kànga ẹ̀yìnkùlé wa, tí mo ṣí i, tí mo dúró tì í. Mo sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta iná náà. Bó bá ní èmi ni, mi ò ní padà wọlé."

Mo gbé ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu mì.

"Kí lẹ fẹ́ bá mi sọ?" ó béèrè.

Mo ní mo kàn wá kí i ni. Mo dìde pé kí n máa lọ, ó ní kí n dúró, kí òun gbàdúrà fún mi kí n tó wọ Márúwá. Ó ṣí igo náà, ó fi òróró sàmì sí iwájú orí mi. Mo kúnlẹ̀, mo sì ń ṣe àmín.